Ẹsẹ̀ la ń wá kiri, egbò ìdí ló fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí gbà kí n kọ ọ́, àmọ́ ó ní kí n má dárúkọ òun, nítorí náà Àbúrò ni mo máa pè é títí tá a fi máa parí. Èmi ni mo kọ́ ọ léré sísá láti ìgbà tó ti wà ní JSS2, ní Ìpẹru níbí. 400 mítà ni tiẹ̀. Èyí tó sá dáa jù, 49.2 sẹ́kọ́ǹdì ni, èmi ni mo di aago mú lọ́jọ́ náà, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹni tó bá mọ 400 á mọ̀ pé 49.2 lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ pupa, tí kò sí ẹni tó ń lé e lẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní October 2022. A ti parí tréníìnì, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Ó gun ọ̀kadà, ó ń lọ sílé, èmi wà lórí ọ̀kadà tó tẹ̀ lé tiwọn lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìpẹru. Típà oníyanrìn kan ń bọ̀ níwájú, ọlọ́kadà yà fún kòtò, táyà yọ̀, gbogbo wọn ṣubú. Ọlọ́kadà dìde, ó ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára. Àbúrò ò dìde. Etí gọ́tà ló fi ẹ̀yìn balẹ̀ lé, ibi tí kọnkéré ti yọ jáde. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò ké, kò sunkún, ó kàn wò mí, ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá bàtà mi, ó ti bọ́." Bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mo wo bàtà, mo wo ojú ẹ̀, ara mi kàn domi ni.

Ohun tá a ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àwa mẹ́rin la gbé e. Àwọn kan dì í mú lábẹ́ abíyá, àwọn kan gbá ẹsẹ̀ mú, ẹ̀yìn ẹ̀ ká láàárín bí ìgbà téèyàn bá gbé àpò gàrí tí kò kún, a sì ká a kò sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ẹ̀. Èmi ni mo di abíyá òsì mú. Kò sẹ́ni tó ní ìkà nínú láàárín wa, gbogbo wa fẹ́ kó tètè dé ọsibítù ni. Àmọ́ ẹni tó bá fi ẹ̀yìn tàbí ọrùn balẹ̀ báyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, àyàfi tí iná tàbí ọkọ̀ bá fẹ́ bá a níbẹ̀. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí ẹ̀ mú kó dúró gbọọrọ pẹ̀lú ọrùn, kí ẹlòmíì pe 122, nọ́ńbà àwọn road safety, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá wá di dandan kí ẹ gbé e, ẹ yí gbogbo ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà téèyàn ń yí ìtì igi, sórí pákó gígùn, kódà ilẹ̀kùn tí ẹ yọ níbìkan á ṣe é. Mo ti bi dókítà lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìṣubú yẹn ló ba okùn inú eegun ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ tán àbí àwa tá a gbé e la parí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ní òun ò lè sọ.

Okùn tí mò ń wí, inú ihò eegun ẹ̀yìn ló gbà kọjá. Eegun méje wà ní ọrùn, méjìlá ní ẹ̀yìn àyà, márùn-ún ní ìbàdí, kó tó kan àwọn tó ti lẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀. Okùn yẹn ló ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán lọ sí ara, òun náà ló ń gbé èsì padà. Ibi tó bá ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń dákẹ́. Tó bá jẹ́ ọrùn, ọwọ́ á bá a lọ, nígbà míì èémí pàápàá. Ti Àbúrò, kọkànlá ti àyà ló fọ́, nítorí náà láti abẹ́ ìdodo lọ sísàlẹ̀ ni kò ti mọ nǹkan kan mọ́, ọwọ́ àti àyà ẹ̀ pé. Wọ́n gbé e lọ sí Èkó, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin de eegun. Owó yẹn, ẹ má béèrè, mọ́mì ẹ̀ ta ilẹ̀ kan tí wọ́n ní lọ́nà Ògèrè, ṣọ́ọ̀ṣì dáwó, àwọn ọmọ tó ń bá a sáré ń gbé páálí kiri ìta. Dókítà sọ ọ́ yékéyéké pé irin yẹn kì í ṣe fún okùn, torí kí eegun má yẹ̀ kó lè jókòó ni. Àmọ́ ohun tí gbogbo ilé gbọ́ ni "wọ́n ti ṣe é", ìgbà tí wọ́n sì ti ṣe é, kí ló tún kù ju kó dìde kó rìn?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, ẹsẹ̀ ò mira. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹsẹ̀ kiri nìyẹn.

A kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun, lápá Ìjẹ̀bú-Igbó. Mi ò ní bú àwọn tó ń to eegun o, mo ti rí apá tó ṣẹ́ tí wọ́n tò tó jinná dáadáa. Okùn inú ẹ̀yìn ni kì í ṣe eegun. Bàbá yẹn fi aṣọ tí wọ́n rì bọ inú àgbo gbígbóná wé ẹsẹ̀ ẹ̀, Àbúrò ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀, ìgbà tí wọ́n tú aṣọ náà awọ bá a wá. Kò mọ̀. Ìyẹn ni ì bá ti là wá lójú, kò là wá. A tún gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí ẹní, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ tọ̀sán tòru, torí wọ́n ní ká má da ara ẹ̀ láàmú. Mọ́mì gbààwẹ̀ títí aṣọ fi ń yọ̀ lára wọn.

Ibẹ̀ la wà tí mọ́mì fi ní àwọn ń gbóòórùn òkú eku. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n kó ẹrù jáde, wọ́n gbọn àpò, wọn ò rí eku. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n yí Àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè pààrọ̀ aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀, òórùn náà sì jáde láti ìdí ẹ̀. Egbò ti jẹ wọnú, ẹ̀ṣẹ́ ọmọ kékeré á wọ̀ ọ́, ẹ ń rí eegun nísàlẹ̀. Kò dùn ún rárá, ó tiẹ̀ ń bi wá pé kí ló dé tá a fi dákẹ́. Mọ́mì kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò lè sunkún.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Èmi àtẹ̀yin tá a jókòó báyìí, a ń sún ìdí láìmọ̀, torí ara máa ń sọ fún wa pé ibì kan ti ń ro wá. Ẹni tí okùn ẹ̀ bàjẹ́, ara ò sọ nǹkan kan fún un. Eegun á tẹ awọ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹran ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìwé á ní kẹ́ ẹ máa wo ibi tó pọ́n, àmọ́ lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa pípọ́n yẹn lè má hàn, ẹ fọwọ́ kàn án ni: tó bá gbóná ju àyíká ẹ̀ lọ, tó le, tàbí tó dúdú sí i tí kò padà sípò, ẹ má jẹ́ kó tún fi ibẹ̀ lélẹ̀ mọ́.

Ìgbà tá a fi máa gbé e dé ọsibítù, ibà ti mú un, ó ń gbọ̀n, rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi sí i lára láti Èkó ti dí, ìtọ̀ inú ẹ̀ rí bí omi ọṣẹ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta la ò mọ̀ bóyá á yè é. Obìnrin kan tó ń ṣe físíò níbẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa tún lo ara ẹ̀, Àǹtí la máa ń pè é, ló pe èmi àti mọ́mì jáde sí kọ́rídọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mọ́mì, lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: "Mà, ẹ má bínú sí mi. Ẹsẹ̀ lẹ̀ ń wá, ìdí ló fẹ́ pa á." Kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ léré tó wọ̀ mí lára tó o.

Àǹtí yìí náà ló sọ ìtàn dókítà kan fún wa, mo sì lọ kà á síwájú sí i. Ludwig Guttmann lorúkọ ẹ̀, Júù ni, ọmọ Jámánì, tó sá fún ìjọba Hitler lọ sí England ní 1939. Ní 1944, nígbà tí ogun ṣì ń lọ, wọ́n gbé wọ́ọ̀dù àwọn sójà tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ fún un ní Stoke Mandeville. Kó tó dìgbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù lára irú wọn kì í pẹ́ láyé, egbò ìdùbúlẹ̀ àti àìsàn ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa yí wọn ní wákàtí méjì-méjì, ojúmọmọ àti òru, kí wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ní mímọ́ tónítóní. Ìgbà tí wọn ò kú mọ́ ló gbé ọrun àti ọfà lé wọn lọ́wọ́: ní 29 July 1948, ọjọ́ tí Olympics ń bẹ̀rẹ̀ ní London, èèyàn 16 tó wà lórí àga onítáyà ta ọfà nínú ọgbà ọsibítù yẹn. Ibẹ̀ ni Paralympics, Olympics àwọn tó ní ìpèníjà ara, ti wá, èyí àkọ́kọ́ sì wáyé ní Rome ní 1960. Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ìdí, ìtọ̀, kó tó wá kan eré. Ẹsẹ̀ làwa fi síwájú.

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì-méjì là ń yí i, èmi, mọ́mì àti bùrọ̀dá ẹ̀ pín òru mọ́ra wa lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àyà ló fi ń sùn kí ìdí lè rí atẹ́gùn. Omi iyọ̀ ọsibítù la fi ń fọ egbò, nọ́ọ̀sì ló ń gé èyí tó ti kú kúrò. Egbò báyẹn máa ń fẹ́ oúnjẹ tó ń kọ́ ara, ìyá ìyá ẹ̀ ń sè ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ẹyin méjì láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ó tó oṣù mẹ́jọ kó tó pa dé. Wọ́n yọ rọ́bà tó ń gbé ara ẹ̀ títí, wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa ki rọ́bà tín-ínrín bọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kó fa ìtọ̀ jáde, kó yọ ọ́. Ojú kọ́kọ́ tì í, ọmọkùnrin tí gbogbo Rẹ́mọ ń pàtẹ́wọ́ fún. Ní báyìí bí ẹni fọ eyín ni. Ìgbẹ́ náà ní àkókò tiẹ̀: tíì gbígbóná láàárọ̀, ká dúró díẹ̀ torí inú máa ń jí lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn náà kó lọ jókòó. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló dé tí mò ń kọ ìgbẹ́ síbí. Ìgbà tí ìyẹn tò ni Àbúrò tó lè kúrò nílé láìbẹ̀rù, ẹ̀rù ìgbẹ́ ló sé e mọ́lé fún odidi ọdún kan, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Aago mi ló wá gbà á. Ọjọ́ kan tí Àǹtí ń kọ́ ọ bó ṣe máa kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí wíìṣíà pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ tí káfíńtà bó fún wa, Àbúrò ń bínú, ó ní òun ò ṣe mọ́, mo kàn yọ aago jáde láìsọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó rí mi. Kò sọ nǹkan kan, ó di pákó mú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ tún un tẹ̀." Lọ́jọ́ yẹn ó ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àǹtí gbé òfin kan kalẹ̀ pé tí ìdí bá wọ́ lórí pákó dípò kó gbéra, fáùlù ni, torí wíwọ́ yẹn ló ń bó awọ. Láti ìgbà náà gbogbo nǹkan ló ní tíìmù: wíwọ ṣòkòtò, láti bẹ́ẹ̀dì dé bafùrúùmù, láti ẹnu ọ̀nà dé títì. Ti bẹ́ẹ̀dì sí wíìṣíà ti di sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rìnlá. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan náà tí mo kọ 400 ẹ̀ sí, ojú ewé ló yàtọ̀.

Lórí wíìṣíà náà, fóònù ẹ̀ máa ń dún ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá ti dún, á tẹ̀ síwájú, á gbé àyà lé itan fún bí ìṣẹ́jú méjì kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí ìdí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn rò pé ó ń gbàdúrà. Alaalẹ́ ló ń fi dígí wo ìdí ara ẹ̀.

Ilé wá ku. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 24, wíìṣíà tí wọ́n fún wa jẹ́ 25. Íǹṣì kan péré! A yọ ilẹ̀kùn àti férémù, a fi kọ́tìnì síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìta ní àtẹ̀gùn tó ga ní íǹṣì mẹ́jọ, bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún wa, kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àbúrò dán an wò iwájú wíìṣíà gbéra nílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìpàkọ́ balẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ bùrọ̀dá ẹ̀ tó dúró lẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ béèrè. Íǹṣì kan tó bá ga, íǹṣì méjìlá ni ẹ máa fà á gùn, nítorí náà íǹṣì mẹ́jọ á di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. A fọ́ ti tẹ́lẹ̀, a ṣe òmíràn, ó jáde dé ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ó ń dá gùn ún.

Àwọn tó ń wá kí i náà ni ìṣòro. Wọ́n á dé, wọ́n á wo ẹsẹ̀, wọ́n á mi orí, "Ọlọ́run á jẹ́ kó rìn," wọ́n á lọ. Lójoojúmọ́. Àdúrà dáa, mo ń gbà á fún un. Ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé, "Kóòṣì, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa bi mí bóyá mo ti jẹun." Ó tún bi mí lóru kan, iná ti lọ, a ò rí ojú ara wa, pé ṣé òun á lè bímọ. Mi ò pa irọ́ fún un, mo ní ọ̀rọ̀ dókítà ni, a sì jọ lọ. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní irú ìfarapa yìí ló ń bímọ, àwọn míì pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọsibítù. Ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn títí a fi délé.

Ó fẹ́ ṣí àkáǹtì tuntun, torí ó ti ń tún fóònù ṣe níwájú ilé. Báǹkì tá a lọ, ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo lórí ìdúró ló wà níbẹ̀, wíìṣíà ò wọ̀ ọ́. Nínú oòrùn ni wọ́n ti bá a kọ fọ́ọ̀mù, láàárín ọkọ̀ méjì. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ pé kí àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ṣe ọ̀nà fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti 2024. Inú mi ò dùn rárá, mo sì sọ ọ́ fún máníjà wọn, ó bẹ̀ wá, ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀.

Eré wá padà láìjẹ́ pé mo fà á. Nígbà tí National Sports Festival wá sí ìpínlẹ̀ wa ní May 2025, ó wà lórí fóònù, ó ń wo àwọn tó ń ṣeré lórí ìjókòó. Mo sọ fún un nípa Flora Ugwunwa tó gba wúrà ọ̀kọ̀ jíjù ní Paralympics Rio 2016, àti Folashade Oluwafemiayo tó fi irin gbígbé gba wúrà ní Tokyo, tó tún gba ní Paris 2024. Ó ní òun ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, pé ta ló ń ṣe ìjókòó tí wọ́n fi ń ju ṣọ́tì-pọ́ọ̀tù? Wẹ́dà kan ní Ṣágámù bá wa ṣe é. Òfin eré náà ní kò gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ pẹ̀lú tìmùtìmù orí ẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dè é mọ́lẹ̀. Ìdí ò gbọ́dọ̀ gbéra lórí ìjókòó nígbà tó bá ń ju irin, tó bá gbéra, fáùlù. Ẹ̀rín pa á nígbà tí mo kà á fún un, torí nílé, tí kò bá gbéra gan-an ni fáùlù.

Ejìká ẹ̀ ti ń yọ. Mítà mẹ́fà àti díẹ̀ ló ju irin dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tíì yẹ ara ẹ̀ wò láti mọ kíláàsì tó máa wà, ìyẹn àwọn tí agbára ara wọn jọ tiẹ̀ tó máa bá díje, mi ò sì fẹ́ kó kánjú. Tìmùtìmù gidi ṣì wọ́n, fóòmù méjì tá a gé tá a lẹ̀ pọ̀ ló ń jókòó lé, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta là ń pààrọ̀ ẹ̀ torí ó máa ń tẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ a máa lọ ya àwòrán kíndìnrín, ọdọọdún ni wọ́n ní kó máa ṣe é torí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn. Ọjọ́ Sátidé, mo máa gbé ìjókòó irin padà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹsẹ̀ kan ń mì lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ń fi agbára ẹ̀ ṣòfò. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì lónìí pé tá a bá ti dé, kí n má gbàgbé aago.